Obìnrin Nínú Iṣẹ́ Ìròhìn: Láti Ìwé Ìròhìn Abẹ́òkúta Dé Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí yóò ka ìtàn ìwé ìròhìn ní ilẹ̀ Yorùbá tí orí rẹ̀ kò ní wú. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, ni Alùfáà Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. gbé Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti inú ilé ìtẹ̀wé tí ó ti dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 15-15 ni ó ń jáde. 30 owó ẹyọ ni a sì ń ta ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ti mọ ìtàn yìí tipẹ́. Ìṣirò kan ni a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe nínú rẹ̀ lọ́dún yìí. Láti ọjọ́ tí a sọ yìí títí di ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, 100 ọdún ni, ó dín oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀. Ìròhìn tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí bébà nídìí Olúmọ di ohun tí a ń fi ojú rí tí a sì ń fi etí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹni tí ó sì kọ́kọ́ yọ sí wa nínú ẹ̀rọ náà, ojú obìnrin ni. Ìyáàfin Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni orúkọ rẹ̀.

Nípa iṣẹ́ obìnrin yìí, àti ti àwọn tí wọ́n bá a rìn tàbí tí wọ́n tẹ̀ lé e, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìwé wa ti ọdún yìí. Ìbàdàn ni ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1959, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Oǹdó, títí kan àwọn ará Bìní àti àwọn ará Wàrì, abẹ́ ìjọba kan náà ni gbogbo wa wà. Owó kòkó àti owó orí tí àwọn baba wa san wà lára ohun tí a fi gbé òpó ẹ̀rọ náà ró. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wádìí ìtàn ìròhìn ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò lè dúró sí Lafẹ́ńwá kí ó ní òun ti dé òpin rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kí obìnrin sọ̀rọ̀ láwùjọ jẹ́ ohun àjèjì sí wa. Láti ọdún 1864 tí a ti fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, ohùn obìnrin ti ní ìjókòó tirẹ̀ nínú ọ̀ràn ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni ìdìde àwọn ìyá wa ní 1947 àti 1948, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn nítorí owó orí, kò tí ì parẹ́ lọ́kàn àwọn àgbà. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú ní 1948 nítorí rẹ̀. Nígbà tí Ìyáàfin náà lọ sí Lọ́ńdọ́nù ní 1947, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròhìn Daily Worker níbẹ̀, ó sì sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ìjọba wọn ni ó gba ipò tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Bí obìnrin bá dìde láti jà fún ẹ̀tọ́ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó ń sọ. Bí a bá fi ìròhìn ìlú lé e lọ́wọ́ pé kí ó kà á, ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ni a gbé lé e lẹ́nu. Akéde tí ń lu agogo káàkiri àdúgbò láyé àtijọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin ni. Alùfáà Townsend tí ń ṣe olóòtú Ìwé Ìròhìn, ọkùnrin ni, títí tí iṣẹ́ náà fi dópin ní 1867 nígbà Ìfọ́lé. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nílẹ̀, láàárín àwa àti àwọn òyìnbó bákan náà, ni pé ohùn ọkùnrin ni ó yẹ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo.

Kí a tó dé orí amóhùnmáwòrán, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rédíò, nítorí láti inú ẹjọ́ rédíò ni a ti bí i. Rédíò tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ mọ̀ ni àpótí Rediffusion tí a fi wáyà fà wọ inú ilé. Kò sí bọ́tìnì tí ènìyàn lè fi yan ibi tí ó wù ú. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ kí o gbọ́ ni ìwọ yóò gbọ́. Àwọn àgbà wa wò ó, wọ́n fún un ní orúkọ tí ó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro dá àbá ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn ará Àríwá kò gbà. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti ti NCNC sì dìde, wọ́n jáde kúrò nínú ilé. Lẹ́yìn èyí ni Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun náà láàyè lórí rédíò kan náà láti fèsì. Wọn kò gbà fún un. Orúkọ tí àwọn àgbà sọ àpótí náà ṣẹ mọ́ Olóyè lára.

Ẹni tí a bá fi èsì dù kì í gbàgbé. Nígbà tí òfin ilẹ̀ wa ti 1954 fún àwọn ẹ̀kùn láàyè láti ní ilé iṣẹ́ rédíò ti ara wọn, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò. Wọ́n bá ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò pọ̀. Dípò kí wọ́n dá rédíò nìkan sílẹ̀, wọ́n fi amóhùnmáwòrán ṣáájú. Wọ́n fi ilé iṣẹ́ náà sí Agódi, wọ́n gbé òpó ró sórí òkè Mápó, wọ́n sì pè é ní WNTV. Rédíò tiwọn, WNBS, tẹ̀ lé e ní 1960. Àwọn tí ó ṣe àríwísí nígbà náà kò kéré. Wọ́n ní ìnáwó àṣejù ni, pé kí a kọ́kọ́ ṣe omi àti ọ̀nà. Àwa kò ní dá ẹjọ́ náà níbí yìí.

WNTV fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì ara rẹ̀: Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. A ní láti tún èyí ṣe díẹ̀, nítorí àwa kò fẹ́ kí ọmọ Ẹ̀gbá máa fi ìtàn tí ó ní àbùkù ṣe fáàrí níwájú àlejò. Ní Casablanca, ní ilẹ̀ Mòrókò, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán aládàáni kan ti ṣiṣẹ́ ní 1954, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tí ó fi kógbá sílé. Àwọn Faransé sì ti gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní Algiers ní 1956. Bí a bá ní WNTV ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú, kò sí ẹni tí yóò lè já wa nírọ́. Ó sì tó ohun tí a lè fi yangàn: ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 11 ṣáájú òmìnira Nàìjíríà.

Ìyáàfin Agbájé-Williams kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó jókòó níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní rédíò ìjọba àpapọ̀ kí ó tó lọ sí WNTV, ó ti mọ bí a ti ń mí láàárín gbólóhùn, bí a ti ń gbé ohùn sókè àti bí a ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ titun sí i ni pé a óò máa rí i. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní orí rédíò, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá fa ojú ro, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí bébà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tẹ̀ ba, yóò mú un. Ní orí amóhùnmáwòrán, gbogbo ìlú ni yóò rí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà bí ó ti rí nígbà náà, nítorí ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ìwòyí nìkan kò lè fojú inú wò ó. Lónìí, ọ̀rọ̀ tí akàròhìn yóò kà a máa yọ lórí gíláàsì níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán gan-an, tí ó fi dàbí ẹni pé ó ń wo olúkúlùkù wa lójú. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, bébà ni. A óò fi ẹ̀rọ tẹ ìròhìn sórí bébà. Akàròhìn yóò fi ojú gba gbólóhùn kan sínú, yóò gbé ojú sókè, yóò sọ ọ́ jáde, yóò sì tún padà wá ibi tí ó dé láìṣi ìlà. Iná tí a tàn sí i lójú gbóná bí ẹni tí ó jókòó ti ààrò. Fíìmù tí a bá yà níta ní láti gba inú omi òògùn kọjá kí ó tó ṣeé fi hàn, a sì máa pẹ́ dé nígbà mìíràn. Bí ó bá já níbi tí a gbé ń fi í hàn, ẹni tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ ni yóò bo àlàfo náà, tòun ti ẹ̀rín músẹ́, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ṣètò rẹ̀. Dúdú àti funfun ni àwòrán wà nígbà náà. Ó di àárín àwọn ọdún 1970 kí àwọ̀ oríṣiríṣi tó dé sí ẹ̀rọ Nàìjíríà. Aṣọ funfun gbòò a máa tàn ju bí ó ti yẹ lọ lójú ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyẹn. Àdìrẹ Ìtòkú ìbá dára fún un púpọ̀, ṣùgbọ́n àṣà ìgbà náà ni pé kí obìnrin oníṣẹ́ ìjọba wọ gáùn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu ni ó ń dé ilé àwọn ènìyàn. Kò sí pé a óò gbà á sílẹ̀ kí a lè tún un ṣe. Ẹyin lohùn, ẹni tí ó bá ń ka ìròhìn ní 1959 mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ tún rò ó wò: ẹni tí ó bá ń ka ìròhìn ẹ̀kùn Ìwọ̀ Oòrùn ní láti pe orúkọ Aláké, ti Aláàfin, ti Ọba Bìní, ti àwọn ìjòyè Ìtsẹ̀kírì àti ti àwọn òyìnbó aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, kí olúkúlùkù sì gbọ́ orúkọ tirẹ̀ láìsí àbùkù. Nínú èdè tí àmì ohùn kan ti lè sọ oyè di èébú, iṣẹ́ ńlá ni.

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn tí ń kọ ìtàn yìí kì í sábà yà sọ́tọ̀, tí àwa sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Kíkéde ètò àti kíka ìròhìn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Akéde ni ó ń kí àwọn òǹwòran káàbọ̀, tí ó ń sọ eré tí ó kàn. Akàròhìn ni ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé ayé, tí a sì ní láti gbà á gbọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1936 tí BBC ti bẹ̀rẹ̀ amóhùnmáwòrán, ni wọ́n ti gbà kí obìnrin ṣe akéde. Ìròhìn ńkọ́? Wọ́n fà sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ ITN, tí í ṣe orogún BBC, fi Barbara Mandell ka ìròhìn ọ̀sán ní 1955. BBC fúnra rẹ̀ fi Nan Winton ka ìròhìn gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹfà, ọdún 1960, ṣùgbọ́n ní 1961 wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn òǹwòran ráhùn pé kò yẹ kí obìnrin máa ka ìròhìn alẹ́. Ó di 1975 kí Angela Rippon tó jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akàròhìn tí a ń rí déédéé. Ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù nígbà náà lè jẹ́rìí sí i.

Ní Ìbàdàn, ní ọdún 1959 kan náà tí Ìyáàfin Agbájé-Williams yọjú, ni Julie Coker wọ WNTV. Òun ni ìtàn mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ka ìròhìn nínú amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Kúnlé Ọláṣopé ti jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn ọkùnrin. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi iṣẹ́ náà kọ́ wa ṣì ń jiyàn bóyá ẹnu obìnrin lè gba ìròhìn, àwọn ènìyàn wa ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin. Kò yẹ kí a torí èyí gbé àwọn ọkùnrin tiwa gẹ̀gẹ̀ pé wọ́n gbọ́n ju òyìnbó lọ. Ní tiwa, ìdí rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan tí ó ti wà nídìí rẹ̀ fún 20 ọdún tí yóò sọ pé a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ níbí yìí. Nígbà tí àwọn tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ máa fi dé, àwọn obìnrin ti wà lórí àga.

Láàárín àwọn méjèèjì yìí, àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa jiyàn ta ni àkọ́kọ́. Kò sí ìjà níbẹ̀. Aníkẹ́ ni ojú àkọ́kọ́. Julie ni obìnrin àkọ́kọ́ nídìí ìròhìn. Ohun tí ó ń dùn wá ni ọ̀nà tí a gbà ń ṣe ìrántí wọn. Bí a bá kọ ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ WNTV, a óò rí orúkọ Olórí Ìjọba, a óò rí ti Gómìnà John Rankine, a óò rí iye owó àti ọ̀rọ̀ òpó, lẹ́yìn náà ni a óò rí àwòrán obìnrin kan tí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Julie Coker ti gba adé ẹwà gẹ́gẹ́ bí Omidan Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1957, èyí sì mú kí àwọn kan máa sọ pé ẹwà ni a fi mú un. Ẹwà kò lè ka ìròhìn fún ìdajì wákàtí láìṣi ohùn.

Ìwà irú ojú yìí kò jẹ́ kí a rí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìyáàfin Agbájé-Williams kò padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ ìṣílé náà. Ó dúró nídìí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kúrò níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí a ti ń ṣètò ohun tí a óò fi hàn, ó sì wà lára àwọn ọ̀gá níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí rọrùn, kí ó rántí ohun tí ilé iṣẹ́ náà là kọjá.

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní ẹ̀kùn Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn tí ó dá WNTV sílẹ̀ kí àwọn lè máa rí ibi fèsì di ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé. Nígbà tí ìdìbò oṣù Kẹwàá, 1965, fi dé, èsì ìbò tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń kà jáde àti èyí tí àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí níbi ìdìbò kò bára mu, ìjà wẹ́tíẹ̀ sì gba ìlú kan. Nínú oṣù náà ni a fi ẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí a bí ní Abẹ́òkúta, tí WNTV ti fi eré rẹ̀ hàn ní oṣù Kẹjọ, 1960, pé ó wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì fi téèpù mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ tí Olóyè Akíntọ́lá fẹ́ sọ. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. A mẹ́nu kan èyí kí ẹ lè rí i pé ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ nítorí asọ̀rọ̀mágbèsì ti di asọ̀rọ̀mágbèsì fúnra rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni ó ń jìyà rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn? Ẹni tí ó kọ ìròhìn wà nínú yàrá, a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ wà ní ilé ìjọba. Akàròhìn ni a mọ ojú rẹ̀, òun ni yóò lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú ẹ̀ṣọ́ ilé tí a ń pè wọ́n, a kò rí i pé irú ẹrù yìí wà lórí wọn.

Julie Coker lọ sí Èkó, sí amóhùnmáwòrán ìjọba àpapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó sì di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ó tún ń kọrin. Ní 1976 ó gbé àwo kan jáde, Ere Yon, tí ó kọ orin èdè Ìtsẹ̀kírì ti ìyá rẹ̀ sí. Ní 2019, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́nù tún àwọn orin rẹ̀ tẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tí ì bí nígbà tí ó ń ka ìròhìn fi ń rà á. Ohùn tí ó fi kọrin wà lórí àwo títí di òní. Èyí tí ó fi ka ìròhìn ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ lọ ní alẹ́ tí ó kà á.

Ní ti ìlú wa, ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí Abẹ́òkúta sì di olú ìlú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gba WNTV, ó sì di ara NTA. Rédíò ìpínlẹ̀ wa, OGBC, bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Amóhùnmáwòrán wa, OGTV, tẹ̀ lé e ní 1981. Èyí ni pé láti ìgbà tí Ìwé Ìròhìn ti dákẹ́ ní 1867, ó gba Abẹ́òkúta ní 110 ọdún kí ó tó ní rédíò ti ìpínlẹ̀ ara rẹ̀, ní èdè ara rẹ̀. Nígbà tí ó sì dé, kò sí ẹni tí ó tún béèrè bóyá obìnrin lè ka ìròhìn. Ìbéèrè náà ti tán ní Agódi, ọdún méjìlélógún ṣáájú OGTV.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo ẹ̀ka kejì, ti ìwé ìròhìn bébà, níbi tí ó gba obìnrin pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé orí àga. Nígbà tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Gbágùrá, dá National Concord sílẹ̀ ní 1980, Doyin Abíọ́lá ni ó di olóòtú rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe olóòtú ìwé ìròhìn ojoojúmọ́ ní Nàìjíríà. Orúkọ baba rẹ̀, Aboaba, ni ó ń jẹ́ nígbà náà. Ní 1981 ni ó di aya Olóyè. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Daily Sketch ní Ìbàdàn, ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọkọ ni ó gbé e gorí àga. Ó di ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà. Ó kú ní oṣù Kẹjọ, 2025. Láti ọdọ̀ Townsend dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, 121 ọdún ni. Ohun tí amóhùnmáwòrán fún obìnrin ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ìwé ìròhìn bébà jẹ gbèsè rẹ̀ fún ju 100 ọdún lọ.

Àwọn obìnrin wa tí wọ́n ti ka ìròhìn ní OGBC, ní OGTV àti ní ilé iṣẹ́ NTA ti Abẹ́òkúta ti ń pọ̀ sí i, àwọn kan nínú wọn sì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé láàárín wa ní Ìbarà, ní Kútọ̀, ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Bébà tí wọ́n kà, ilé iṣẹ́ ti dà á nù. Téèpù tí a fi gba ohùn wọn sílẹ̀, nígbà tí ó bá wà, owó rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a lè tún un lò. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé yìí ti pinnu láti ya ojú ìwé sọ́tọ̀ fún wọn láti ọdún tí ń bọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nílé tàbí lókè òkun, tí ó bá ní àwòrán ìyá, àǹtí, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbi tí ó ti ń ka ìròhìn, tàbí ìwé tí a fi gbà á síṣẹ́, tàbí káséètì tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ìpàdé ọdọọdún tó pé. Kí ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti ọdún, àti èdè tí ó fi kà á.